Bí ẹ̀kán méjì ṣe ń di ọ̀kan: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Kétu

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé níbí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Faransé la fi ń kọ́ wọn nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n tí a bá ti jáde, Yorùbá ni wọ́n fi ń bi mí ní ìbéèrè, àwọn ìbéèrè ìta yẹn sì máa ń jinlẹ̀ ju ti inú ìwé lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí: báwo ni ohun méjì ṣe ń di ọ̀kan, kí ló sì máa ń dá wọn dúró kí wọ́n tó dà bẹ́ẹ̀? Ìyá elépo bi mí, ọmọ kíláàsì bi mí, ẹni tí alùpùpù rẹ̀ kú lójú ọ̀nà náà bi mí. Ìdáhùn mi rèé. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, mo dúró níbẹ̀. Ibi tí kò bá pọ̀, mo kọjá.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pípo nǹkan pọ̀ lásán lẹ ń pè ní ìdàpọ̀ di ọ̀kan?

Rárá o. Bí ẹ bá da ṣúgà sínú gààrí gbígbẹ, tí ẹ rò ó pọ̀, gààrí ṣì jẹ́ gààrí, ṣúgà ṣì jẹ́ ṣúgà. Ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá wo ẹ̀kán ìrì méjì lórí páànù láàárọ̀ ọyẹ́. Wọ́n fara kan ara wọn, ààlà àárín wọn parẹ́, ẹ̀kán kan ló kù. Kò sẹ́ni tó lè nàka sí i pé apá ibí yìí ni ti àkọ́kọ́. Ààlà tó parẹ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Kí ló ń fà wọ́n mọ́ra?

Ojú omi ni. Ẹ wo ọjà tó kún fọ́fọ́. Ẹni tó wà láàárín èrò ní ẹni tó fara tì í lọ́tùn-ún, lósì, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó wà létí ọjà ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mólékù omi, ìyẹn ẹyọ omi tó kéré jù lọ, ṣe rí. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ní aládùúgbò yí ká, gbogbo wọn ń fa ara wọn mọ́ra. Èyí tó wà lójú omi kò ní aládùúgbò lókè. Àìní aládùúgbò yẹn ń ná omi ní agbára. Nítorí náà, omi a máa fa ojú rẹ̀ mọ́ra kí ó lè kéré tó bí ó bá ti ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kán kékeré fi ń rí roboto: kò sí ìrísí mìíràn tó lè gba iye omi kan náà kí ojú rẹ̀ tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mú ẹ̀kán méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 2. Ojú àwọn méjèèjì pọ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà onígun mẹ́rin 25. Nígbà tí wọ́n bá di ọ̀kan, ẹ̀kán tuntun náà fẹ̀ ní mìlímítà 2.5, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 20 péré. Omi kankan kò sọnù, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún ojú omi ti lọ. Agbára tó ń mú ojú yẹn dúró tẹ́lẹ̀ ti di òmìnira, òun ló ń mú kí ẹ̀kán tuntun máa gbọ̀n jìgìjìgì kí ó tó fara balẹ̀.

Tí wọ́n bá ń wá ara wọn tó báyìí, kí ló dé tí ẹ̀kán máa ń dúró lórí omi nígbà mìíràn bí ìlẹ̀kẹ̀?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹta ló bi mí, lẹ́yìn tí òjò dá, nígbà tí omi ń kán láti etí páànù sínú korobá. Ó ní, "Ẹ wò ó, ó ń yí kiri lórí omi, kò wọlé!" A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ korobá náà pọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀kán kékeré já bọ́, kò rì, ó ń sáré lórí omi bí ẹni pé gíláàsì ni, títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ korobá, tó sì pòórá lójijì. Osborne Reynolds, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa ẹ̀kán tó ń léfòó lórí omi báyìí ní 1881.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ṣáájú kí omi tó kan omi, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ jáde, àyè tó ti lè gbà jáde kò sì ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí ẹ̀kán ṣe ń sún mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á di awọ tín-ín-rín, bí awọ náà sì ṣe ń tín-ín-rín sí i ni ó ń ṣòro sí i fún un láti ṣàn jáde. Ó ní láti dé nǹkan bí 100 nánómítà kí mólékù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó lè fa ara wọn já awọ náà. Irun orí ènìyàn kan nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po.

Ẹ̀yin ọmọ Kétu mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi ìlú wa àtijọ́. Bí ó ti wù kí àlejò kánjú tó, ibẹ̀ ni yóò ti dúró ná. Awọ afẹ́fẹ́ yìí ni Àkàbà Ìdènà fún ẹ̀kán omi. Gbàrà tí ẹnubodè bá ṣí, ìyókù yá kánkán: ihò kékeré á lu níbì kan, ihò náà á di afárá omi, afárá náà á fẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fún ẹ̀kán oní-mìlímítà 2, gbogbo rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ojú yín kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ tí ó ti parí.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, tí mo sì ń rí níbi gbogbo tí mo bá wò: ìdàpọ̀ fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Ohun tó wà láàárín ló ń pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan méjì kò fi tíì di ọ̀kan, kí ó bèèrè ohun tó wà láàárín wọn, àti ẹni tí yóò gbé e kúrò.

Ọmọ mi, ọjọ́ mìíràn epo mi á là kedere lójú ẹsẹ̀; ọjọ́ mìíràn á bá omi rìn pọ́tọpọ̀tọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ni mo ṣe?

Ìyá mi, ẹ kò ṣe ohun tó burú. Ìdí ẹkù ìyá àgbà mi ni mo dàgbà sí, mo mọ ohun tí ẹ ń wí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gún ẹyìn tó jinná, tí ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, tí ẹ sì fún ìhá rẹ̀ kúrò, ohun tó wà nínú ìkòkò kì í ṣe epo tó sùn lórí omi. Ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀kán epo kéékèèké ló fọ́n ká inú omi. Olúkúlùkù ń wá ọ̀nà òkè, nítorí epo fúyẹ́ ju omi lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ló máa sọ bí yóò ṣe yára tó. Òfin tí Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland, fi lélẹ̀ ní 1851 sọ pé ẹ̀kán tó bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì á gòkè ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀kán mẹ́jọ tó bá di ọ̀kan ló ń fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ìdàpọ̀ ni ẹsẹ̀ tí epo fi ń gun òkè. Ẹ̀kán tó dá wà, tó kéré bí eruku, lè wà nísàlẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Kí ló wá wà láàárín ẹ̀kán epo kan àti èkejì? Omi ni, àti oje èso náà, àti wóróbo ìhá tó lúbúlúbú. Oje yẹn ní àwọn èròjà tí apá kan wọn fẹ́ràn omi, tí apá kejì fẹ́ràn epo; wọ́n á tò yí ẹ̀kán epo ká, wọ́n á wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù. Ẹ̀kán méjì tó wọ ẹ̀wù lè kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí wọ́n má dàpọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ọṣẹ ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́ ọ̀rá.

Bí ẹ bá ń rò ó gan-an lẹ́yìn tí epo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ńṣe lẹ ń tún àwọn ẹ̀kán ńlá fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ẹ tún ń fún wọn ní ẹ̀wù tuntun. Iná ní tirẹ̀ ń ràn yín lọ́wọ́: epo gbígbóná kì í ki púpọ̀, omi àárín náà ń tètè ṣàn kúrò, ẹ̀wù náà sì ń tú. Nítorí náà, iná tó dúró déédéé, ọwọ́ jẹ́jẹ́, àti sùúrù. Ohun tí ìyá àgbà mi ń ṣe gan-an nìyẹn, láìka ìwé Stokes. Nígbà tó bá wá ń se epo tó ti bù sọ́tọ̀, etí ló fi ń wò ó. Epo á máa ta ṣàṣà, torí pé ẹ̀kán omi tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ń hó, ó sì ń bẹ́. Nígbà tí ariwo náà bá dákẹ́, á ní, "Omi ti tán," á sì fa igi iná jáde. Epo tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kan.

Ṣé bákan náà ni òrí?

Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n òrí ní ìwà tirẹ̀. Àwọn ìyá ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń lọ èso òrí tí wọ́n ti yan, wọ́n á bomi sí i, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ lù ú títí apá á fi ro wọ́n, títí ọ̀rá funfun á fi dìde. Ọ̀rá yẹn kì í ṣe olómi pátápátá, kì í sì í ṣe líle pátápátá. Ẹ̀gún ọ̀rá dídì kéékèèké yọ lára hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí hóró méjì bá kọlu ara wọn, ẹ̀gún ti ọ̀kan á gún awọ èkejì, ọ̀rá olómi á ṣàn sáàárín, á lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá dídì inú wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n yípo di ẹyọ kan tó dán. Wọ́n á dúró ní ìdajì ọ̀nà, bí èso àjàrà lórí ẹ̀ka. Àwọn ìdì wọ̀nyẹn ló ń kó ara wọn jọ di òrí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá yẹn fi ń bu omi tútù, tí wọ́n tún ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́. Bí ó bá gbóná jù, gbogbo ẹ̀gún á yọ́. Bí ó bá tutù jù, kò ní sí ọ̀rá olómi tí yóò lẹ̀ wọ́n. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń mi wàrà nínú akèrègbè títí bọ́tà á fi jáde ń lo ọgbọ́n kan náà.

Kí ló dé tí àkàrà tí wọ́n dín pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n pò ó kì í fúyẹ́?

Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀kán tibẹ̀. Bí ẹ ṣe ń pò ó lẹ ń sin afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀wà lílọ̀, èròjà ẹ̀wà sì ń di awọ yí òfúùfù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ihò afẹ́fẹ́ kékeré, ká. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, omi inú awọ náà á máa ṣàn wálẹ̀, awọ á máa tín-ín-rín, òfúùfù méjì á di ọ̀kan, ńlá á sì gòkè, á bẹ́. Ẹ tún un pò kí ẹ tó dín in.

Báwo ni òjò ṣe ń rọ̀ nígbà náà?

Ní orí ilẹ̀ gíga Kétu yìí, omi kànga jìn. Àwọn baba wa mọyì òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, wọ́n ń gbe omi òjò pamọ́ fún ọ̀gbẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa.

Ẹ̀kán tó wà nínú ìkùukùu kì í ṣe òjò. Ó fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Tí a bá jẹ́ kí ó já bọ́, kò ní kọjá nǹkan bí sẹ̀ntímítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Afẹ́fẹ́ tó ń gòkè ń gbé e ṣeré. Ẹ̀kán òjò tó fẹ̀ ní mìlímítà 2 ń já bọ́ ní nǹkan bí mítà 6 ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ mọ iye ẹ̀kán ìkùukùu tó ń para pọ̀ di ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo yẹn? Mílíọ̀nù kan. Ẹni tí ẹ̀kán òjò kan péré kán sí lórí ti gba ìpàdé mílíọ̀nù kan.

Báwo ni mílíọ̀nù ṣe pàdé láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí? Ó kọ́kọ́ dà bí ohun tí kò ṣeé ṣe. Oruku omi, ìyẹn omi tó ti di bí afẹ́fẹ́, lè mú ẹ̀kán dàgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀kán ṣe ń tóbi ni ìdàgbà yẹn ń falẹ̀. Láti ibẹ̀, ìdàpọ̀ ló kù. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀kán kan bá ń lọ sọ́dọ̀ kékeré mìíràn, afẹ́fẹ́ tó ń tì síwájú máa ń gbé kékeré náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ewé tó ń fò yí mọ́tò tó ń bọ̀ ká. Ẹ̀kán tí kò bá tíì fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 40 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kì í fi bẹ́ẹ̀ kọlu ẹnì kankan. Afẹ́fẹ́ tún ni ìdènà, ẹ ò rí i?

Ohun tó ń ṣí ẹnubodè ni àìdọ́gba. Tí gbogbo ẹ̀kán bá rí bákan náà, wọn á máa já bọ́ bákan náà, wọn kò ní pàdé. Ṣùgbọ́n tí díẹ̀ bá tóbi ju àwọn yòókù lọ, bóyá nítorí pé hóró iyọ̀ òkun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọn á máa bá àwọn kékeré lójú ọ̀nà, wọn á máa gbé wọn mì. Bí wọ́n ṣe ń gbé mì ni wọ́n ń yára sí i, bí wọ́n ṣe ń yára ni wọ́n ń gbé mì sí i. Ìjì kéékèèké inú ìkùukùu náà ń gbá wọn lu ara wọn; bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Ìdàgbà yẹn ní òpin. Nígbà tí ẹ̀kán bá fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 5 tàbí 6, afẹ́fẹ́ á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ bí búrẹ́dì, á sì fọ́ ọ. Kò sí ẹ̀kán òjò tó rí ṣóńṣó lórí bí wọ́n ṣe ń yà á sínú ìwé ọmọdé.

Nínú ìkùukùu tó ga dé ibi yìnyín, ọ̀nà mìíràn tún wà: yìnyín á fa oruku omi mọ́ra, ẹ̀kán omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbẹ, yìnyín á wúwo, á sì yọ́ bó ṣe ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ òjò ìjì wa ń lo ọ̀nà méjèèjì pọ̀.

Ṣé iná mànàmáná lè ràn ìdàpọ̀ lọ́wọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, gan-an. Ní 1879, Lord Rayleigh, onímọ̀ físíìsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ohun tó ní iná díẹ̀ lára sún mọ́ omi tó ń tú sókè bí ìsun. Ẹ̀kán tó ń ta kúrò lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọlura. Iná díẹ̀ yẹn ń fa ojú omi méjèèjì sún mọ́ra ní ibi kan ṣoṣo, awọ afẹ́fẹ́ á sì já níbẹ̀.

Ní 1911, Frederick Cottrell ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ lórí lílo iná láti yọ omi kúrò nínú epo rọ̀bì. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní. Epo rọ̀bì kì í jáde nínú ilẹ̀ láìsí omi, omi náà ní láti kúrò kí epo tó wọ ọ̀pá. Ọ̀pá tó gbé epo Niger wá sí Sẹ̀mẹ̀, nítòsí Àjàṣẹ́, gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà. Omi oníyọ̀ tó bá rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nínú irin, ìpata ni yóò dá sílẹ̀.

Alùpùpù mi kú lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì ní omi wà nínú ẹsáǹsì. Báwo lomi ṣe wọ inú rẹ̀ tí n kò rí i?

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ẹsáǹsì inú ìgò tí mo rà létí títì ni. Nígbà tí wọ́n gbé ìgò náà, tí ó mì, omi fọ́n ká wẹ́wẹ́, ẹsáǹsì sì ṣú díẹ̀. Nínú táǹkì, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ń dàpọ̀, wọ́n ń wúwo, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa. Ẹ gbé ìgò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó rà á, kí ẹ wá wo ìdí rẹ̀: ẹ ó rí omi bí ẹyin ojú tó ń dán.

Kí ló dé tí omi fi ń yí kiri lórí ewé kókò?

Ojú ewé náà kún fún òkè kéékèèké tí ìda bò. Orí ṣóńṣó wọn ni omi jókòó lé, afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ìrì bá wẹ́, ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Tí ẹ̀kán kéékèèké méjì bá dàpọ̀ lórí irú ojú bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán tuntun lè fò sókè láìsí ẹni tó tì í. Agbára ojú omi tó sọnù, tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló di fífò náà. Àwọn olùwádìí kọ nípa rẹ̀ lórí irú ojú tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní 2009, wọ́n sì ti rí i lára ìyẹ́ kòkòrò.

Ṣé irú rẹ̀ wà nínú ara ènìyàn?

Ó wà. Iṣan apá yín kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ló dàpọ̀ di okùn kan. Ìbẹ̀rẹ̀ ayé olúkúlùkù wa náà, sẹ́ẹ̀lì baba àti ti ìyá ló di ọ̀kan. Ìdènà tibẹ̀ le ju afẹ́fẹ́ lọ: awọ ọ̀rá méjì ni, pẹ̀lú omi tó lẹ̀ mọ́ wọn. Ara kò dúró de èèṣì. Ó ní àwọn èròjà purotéènì tó ń di awọ méjèèjì mú, tó ń fà wọ́n sún mọ́ra, tó sì ń ṣí ẹnubodè náà.

Ní 2009, àwọn onímọ̀ tó ń wo ẹyin aràn kékeré kan rí i pé àwọn ìdì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tí kò ní awọ kankan, tí wọ́n ń ṣàn bí omi, tí wọ́n sì ń dàpọ̀ bí ẹ̀kán. Ìwádìí yẹn yí ojú tí wọ́n fi ń wo inú sẹ́ẹ̀lì padà.

Wọ́n ní ihò dúdú méjì dàpọ̀ lójú ọ̀run. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà nìyẹn?

Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é, mo sì rí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ wọn.

Ihò dúdú ni ohun tó wúwo tí òòfà rẹ̀ kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pàápàá jáde. Méjì lè máa yí ara wọn po fún ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún. Kí ló wà láàárín wọn? Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ìyípo náà gan-an ni ìdènà: ohun tó ń yí kì í já bọ́, bí òṣùpá kò ṣe já lu wa. Ẹni tó ń gbé ìdènà náà kúrò ni ìgbì òòfà. Bí wọ́n ṣe ń yí, òfuurufú fúnra rẹ̀ ń mì, ìmì yẹn ń kó agbára wọn lọ, wọ́n sì ń sún mọ́ra, díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìkánjú ní ìparí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ẹ̀rọ méjì ní Amẹ́ríkà gbọ́ ìkánjú ìparí yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ihò kan wúwo tó oòrùn 36, èkejì tó 29. Èyí tó jáde wúwo tó oòrùn 62. Oòrùn 3 tó kù ti di ìgbì. Ohun tí ẹ̀rọ náà gbọ́ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ, ó sì ti rìn fún bílíọ̀nù ọdún kan àti díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdúró gígùn, ìdàpọ̀ kíákíá: bí ẹ̀kán korobá wa gẹ́lẹ́.

Ìyàtọ̀ rèé. Ẹ rántí pé ojú ẹ̀kán omi dín kù láti 25 sí 20. Ní 1971, Stephen Hawking fi ìṣirò hàn pé ojú ihò dúdú kì í dín kù bí wọ́n bá dàpọ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ padà sórí àkọsílẹ̀ 2015, wọ́n wọ̀n ọ́n: ojú ihò méjèèjì pọ̀ jẹ́ nǹkan bí 235,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bí 367,000. Omi ń dàpọ̀ kí ojú rẹ̀ lè kéré. Ihò dúdú ń dàpọ̀, ojú rẹ̀ sì ń tóbi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ nọ́ńbà méjèèjì yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sójú pátákó, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀.

Ayé wa ńkọ́? Wọ́n ní eruku ló dàpọ̀ di ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 4 ààbọ̀ sẹ́yìn. Eruku tó ń yí oòrùn ká ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ìṣòro ni pé nígbà tí wọ́n bá tóbi tó hóró iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n máa ń ta kúrò lára ara wọn dípò kí wọ́n lẹ̀. Òkúta kò lè ṣàn bí omi. Bí wọ́n ṣe kọjá ibẹ̀ ṣì jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí ńlá. Marian Smoluchowski, ọmọ ilẹ̀ Poland, ló kọ́kọ́ fún wa ní ìṣirò fún irú nǹkan báyìí ní 1916: ẹyọ mélòó ló wà, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń pàdé, mélòó ló ń kù. Ìṣirò yẹn kan náà ni wọ́n ń lò fún ìkùukùu, fún eruku yìí, àti fún èéfín.

Àwọn onímọ̀ ìran náà ń sọ̀rọ̀ ìdàpọ̀. Ṣé físíìsì nìyẹn?

Kì í ṣe físíìsì, ìṣirò ni. John Kingman, onímọ̀ ìṣirò, gbé e kalẹ̀ ní 1982. Ẹ rò ó padà sẹ́yìn: èmi àti aládùúgbò mi, baba wa yàtọ̀, baba baba wa yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ sẹ́yìn, a ó dé ibi tí ìlà méjèèjì ti di ọ̀kan. Ní Kétu, tí ìdílé ọba márùn-ún ń gbé adé fún ara wọn, ìtàn wa náà ń kó gbogbo wọn padà lọ sí Ifẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìṣirò Kingman ni pé tí ẹ bá mú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìlà wọn á yára dàpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì gbogbo àkókò náà ni ẹ ó fi dúró de ìlà méjì tó kẹ́yìn. Níbí, kò sí awọ, kò sí ìdènà kan láàárín. Àìpàdé lásán ló ń fa ìdúró. Nítorí náà, n kò ní fi ẹ̀kán omi ṣàlàyé rẹ̀ kọjá ibí yìí.

Kí ni mo lè fi ojú ara mi rí nílé lónìí?

Ẹ bu omi sínú abọ́ fífẹ̀, kí ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, kí ẹ rò ó jẹ́jẹ́ kó má hó. Ẹ fa díẹ̀ nínú omi náà sínú sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú omi, bí ìwọ̀n ìbú ìka kan, kí ẹ máa kán an níkọ̀ọ̀kan. Àwọn kan á wọlé lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á dúró, wọ́n á yí kiri fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì.

Ẹ wá fọ abọ́ náà mọ́, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú omi lásán, kí ẹ sì fi fóònù tó lè ya fídíò falẹ̀ yà á. Ẹ̀kán á jókòó fún ìgbà díẹ̀, ìdí rẹ̀ á ṣí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọlé. Ṣùgbọ́n kò ní wọlé tán. Òkè rẹ̀ á gùn bí ọ̀pá kékeré, á já, ẹ̀kán tuntun tó fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì ti àkọ́kọ́ á kù lórí omi. Òun náà á jókòó, á ṣí, á fi ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Charles àti Mason, kọ nípa èyí ní 1960. Thoroddsen àti Takehara fi kámẹ́rà tó yára gan-an yà á ní 2000, wọ́n sì rí i pé ó ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan, ti ìkẹyìn kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi wọlé tán láìṣẹ́kù. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ka mẹ́ta lórí fóònù mi.